Ṣẹ́ẹ̀tì Tí Alágbàfọ̀ Kọ̀ Tí Kò Fọ̀

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ẹni tó pa òwe yẹn, ó dájú pé kò gbé abẹ́ ilé ọlọ àwọn awakùsà rí.

Ọlọ yìí kì í ṣe ọlọ ata o. Òkúta tí wọ́n ń wà nínú òkè ni wọ́n ń dà sí i, táá máa lọ̀ ọ́ kúnná bí ìyẹ̀fun, omi ni wọ́n sì fi ń ṣàn án kí ohun iyebíye inú rẹ̀ lè yà kúrò lára ìdọ̀tí. Ọlọ bẹ́ẹ̀, bó bá fẹ́ mumi, kì í fi ife mu ún. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, wọ́n na wáyà yí ẹsẹ̀ òkè ká, ìsun tí gbogbo àdúgbò ń pọn látọjọ́ tí aláyé ti dáyé sì bọ́ sínú ọgbà wọn. Àwọn ọ̀gá ní kí ará ìlú fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ kan ìsun, àwọn kàn fi ọgbà dáàbò bò ó ni. Láti odò ńlá tó wà lẹ́yìn òkè ni páìpù àwọn yóò ti máa fa omi. Kò pẹ́ kò jìnnà, odò kékeré tó ń ti ibi ìsun ṣàn wá sáàárín ilé di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ di eruku. Kànga ń fà sẹ́yìn bí irun iwájú orí àgbàlagbà. Wọ́n ní ọ̀dá ni.

Alágbàfọ̀ kan wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tó pupa, tí kò ga, tí ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ agbẹ́gilódò. Etí odò yẹn ló dàgbà sí. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí ìyá ìyá rẹ̀ fọṣọ lórí rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ fọṣọ lórí rẹ̀ títí eegun ọwọ́ fi gan mọ́ ọn lára, tí òun náà sì kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí odò gbẹ, ó kó iṣẹ́ wá sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé wọn, ó to dúróòmù sílẹ̀, ó sì ń ti kànga dé kànga wá omi kiri bí ẹni wá ewúrẹ́ tó sọnù.

Aṣọ ló ń lọ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọlé. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ló gbé dání, eruku pupa ti bo kọ́là rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ aṣọ funfun fọ̀ bíi tiyín.”

“Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́.” Kò gbójú sókè. “Eruku ibo nìyí?”

“Ti ibi iṣẹ́ mi ni. Ilé ọlọ.”

Ọmọbìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó wò ó látòkè délẹ̀. “Áà! Ẹ̀yin nìyẹn. Ẹ̀yin ni Ẹnu-Oyin.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ṣé orúkọ tí wọ́n fún mi nìyẹn?”

“Wọ́n ní bẹ́ ẹ bá bá ẹni tébi ń pa sọ̀rọ̀ tán, á gùnfẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sí àbùmọ́ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ilé ọlọ gbà á fún ni pé kó máa wọ ilé dé ilé, kó jókòó lórí àga àwọn ènìyàn, kó gba ife omi lọ́wọ́ wọn, kó bá wọn ṣeré, kó sì ṣàlàyé fún wọn pé odò ńlá ni ọlọ ti ń mumi. Kò sí ojúlé tí kò jókòó sí ní àdúgbò yẹn. Kódà ó ti jókòó ní pálọ̀ ìyá alágbàfọ̀ yìí nígbà tí ọmọ lọ já aṣọ oníbàárà, ìyá sì ti bu omi fún un.

“Ẹ gbọ́ ná,” ọmọbìnrin náà wí, “ẹ̀yin lẹ leruku, ẹ̀yin náà lẹ lomi. Èwo ló wá kù fún mi tí màá fi fọ aṣọ yín?”

Ẹnu-Oyin fẹ́ ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà.

“Ẹ fi sílẹ̀,” ọmọbìnrin náà ní. “Ọjọ́ tí omi gidi bá wà, màá fọ̀ ọ́.” Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ sórí ìṣó lára ògiri.

Ọkùnrin náà padà wá béèrè ṣẹ́ẹ̀tì. Ó tún padà wá. Nígbà tó yá, kò béèrè ṣẹ́ẹ̀tì mọ́, ó kàn ń wá ni.

*

Ìfẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn, inú ilé lèèyàn ti ń bá a lórí ìjókòó. Bí òjò ṣe kọ̀ tí kò rọ̀ lọ́dún yẹn tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ń rú. Ẹnu-Oyin á dojú bàsíà ìfọṣọ dé, á jókòó lé e, á máa bá a ká aṣọ. Kò mọ aṣọ ká. Ṣòkòtò tó bá ká, bí ẹni di ẹrù olè ló ń rí.

“Ṣé ìyá yín ò kọ́ yín nílé ni?”

“Ìyá mi ò ráàyè. Omi ló ń pọn fún àwọn bíríkìlà, òun ló fi rán mi níwèé. Bó bá ti dé, ọrùn rẹ̀ ò ní lè yí.”

Ọmọbìnrin náà gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ká. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ọmọ olómi-pípọn ni, ó rò ó lọ́kàn, ṣé irú wọn lè fi omi pa èèyàn? Ṣùgbọ́n iyèméjì kì í jìnnà sí ọlọ́gbọ́n. Ṣé èèyàn lè fẹ́ràn ẹnu kan kó má gba ohun tó ń ti ẹnu yẹn jáde gbọ́?

“Páìpù tó lọ sí odò ńlá yìí,” ó bi í lọ́jọ́ kan, “ṣé ẹ ti fojú ara yín rí i?”

“Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn mí.”

“Mi ò béèrè àwòrán.”

“Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn ńlá ni wọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ fi irọ́ ṣe?”

Ó wò ó, ó mi orí. Síbẹ̀, nígbà tí ọkùnrin náà ń lọ, ojú rẹ̀ tẹ̀ lé e títí ó fi yà níkòríta.

Ìyá rẹ̀ rí ojú náà. Obìnrin yìí kì í pariwo, gbólóhùn kan rẹ̀ tó ẹgba. “Ìwọ ọmọ yìí, àwọn obìnrin àdúgbò ti yàn ọ́ pé ìwọ ni kó o gbẹnu sọ fún wọn tí ìpàdé ọ̀rọ̀ omi bá dé. Ta lo fẹ́ dojú kọ níbẹ̀? Ṣé ẹni tó ń bá ọ ká aṣọ?”

“Ìyá mi, ìránṣẹ́ lásán ni.”

“Ọfà náà, ìránṣẹ́ ni. Ara ta ló ń wọ̀?”

*

Ọ̀rọ̀ táńkà ló wá dà á rú.

Ilé ọlọ ní táńkà tó ń wọ́n omi sójú ọ̀nà kí eruku má baà fọ́ àwọn ọ̀gá lójú. (Bẹ́ẹ̀ ni: omi wà fún títì, kò sí fún ènìyàn.) Ẹnu-Oyin bẹ awakọ̀ rẹ̀ pé láràárọ̀ kó máa yà da omi kún dúróòmù alágbàfọ̀ kó tó bọ́ sí títì. Onítáńkà yìí, aláwàdà ni, ó sì sọ ara rẹ̀ di alárinà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

“Ẹ kú àárọ̀ o, ìyàwó wa! Ẹni tó rán mi ní kí n kí yín. Ó ní bí omi yìí ṣe ń ya wìì yìí ni ìfẹ́ yín ń ya lọ́kàn òun.”

“Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?”

“Ó kàn ní kí n pọnmi wá ni. Èmi ni mo fi iyọ̀ sí i.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà tí odò ti gbẹ, kò rí dúróòmù tó kún dé ẹnu. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fọ gbogbo aṣọ tó ti kó jọ sílẹ̀, ó ń kọrin. Ṣẹ́ẹ̀tì Ẹnu-Oyin nìkan ni kò fọ̀, ó ní òun fẹ́ fi í pamọ́ de ọjọ́ pàtàkì kan. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ẹ rántí pé ó kúnlẹ̀ o.

Ṣùgbọ́n aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, kò ṣe é fi pamọ́. Oníbúrẹ́dì tí ilé wọn kọjú síra, tí ààrò rẹ̀ ti tutù nítorí pé kò rí omi pò ìyẹ̀fun, dúró lójú ọ̀nà.

“Ẹ kú ọ̀pọ̀ omi o, ọmọ ilé ọlọ!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bu omi wá fún yín.” Ó gbé garawa kan rù, ó gbé e lọ síwájú obìnrin náà.

Oníbúrẹ́dì fi ẹsẹ̀ ti garawa náà padà, jẹ́jẹ́, kí omi má baà dànù. Nítorí bí ìbínú ti wù kó le tó, ta ló jẹ́ da omi nù lọ́dún yẹn? “Èmi kì í mu omi pa-ẹnu-mọ́. A ní kó o lọ sọ̀rọ̀ fún wa. Wọ́n ti fi omi kún ọ lẹ́nu, báwo lo ṣe fẹ́ sọ ọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé egungun. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá dé ìdí kànga, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ gígan kọ́, omi ọ̀fẹ́ ti ń wó o lọ.

Nígbà tí táńkà tún dé, ọmọbìnrin náà dúró síwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ gbé e padà. Bí kò bá ní yà ní gbogbo ilé, kó má yà nílé mi.”

“Háà, ìyàwó wa! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo jí láago àkùkọ lọ tò síbi ẹ̀rọ…”

“Ẹ̀rọ wo?”

“Èyí tó ń fa ìsun ni. Òun náà kọ́ ló ń fún ọlọ lómi tọ̀sán-tòru? Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó ya tiyín sọ́tọ̀…” Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá eyín. “Ẹ wò ó, mi ò sọ nǹkan kan o.”

“Odò ńlá wá ńkọ́? Páìpù wá ńkọ́?”

Onítáńkà wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó mí kanlẹ̀. “Ìyàwó wa, ta ló rán odò ńlá níṣẹ́? Páìpù yẹn ò tíì kúrò nínú àwòrán.”

*

Nígbà tí Ẹnu-Oyin máa fi dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bá ọmọbìnrin náà lórí ìdúró. “Ẹ” tó máa ń fi bá a sọ̀rọ̀ ti fò lọ.

“Ibo lo ti ń bu omi tó o fi ń ṣe mí lóore?”

“Ibi iṣẹ́ ni. Kí ló dé?”

“Ìsun ni! Ìsun wa tẹ́ ẹ ní ẹ ò fọwọ́ kàn! Omi tí ìyá mi fi wẹ̀ mí lo jí, lo gbé e sínú táńkà, lo fi ta mí lọ́rẹ. Èmi náà kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé! Ta ló ń jí ìkòkò onílé tó tún ń gba ẹ ṣé lọ́wọ́ onílé?”

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. “Mi ò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀. Mo rò pé odò ńlá ni táńkà náà ti ń… Wọ́n fi àwòrán hàn mí.”

“O ò mọ̀? Àìmọ̀ rẹ ni wọ́n ń sanwó oṣù fún! Bó o bá fẹ́ mọ̀, òkè nìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ nìyí. Ọmọ ẹni tó fi ọrùn pọnmi ni ọ́. Ìwọ!”

Ó fẹ́ sunkún, inú tó ń bí i kò jẹ́ kí ẹkún rí ọ̀nà.

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe?” Ẹnu-Oyin béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Bí ìpàdé bá dé, màá sọ ọ́ níbẹ̀.”

“Rárá o.” Ìyá ni. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi òpó ilẹ̀kùn ṣe ọ̀pá. “Ẹsẹ̀ lo fi wọ ilé àwọn èèyàn, àbí ìyẹ́?”

“Ẹsẹ̀ ni, mà.”

“Ẹsẹ̀ náà ni kó o fi padà. Irọ́ tó o pa lójúlé-lójúlé, gbọ̀ngàn kọ́ ni wọ́n ti ń tú u. Nínú ogunlọ́gọ̀, ojú kì í ti èèyàn. Àga tó o jókòó lé nílé kálukú, dúró síwájú rẹ̀, kó o sọ fún onílé pé ohun tó o sọ níjọ́sí kì í ṣe òótọ́.”

“Màmá, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bó bá ti fọ́, ta ló ń kó o?”

“Ta ló ní kó o kó o? Mo ní kó o lọ nu ilẹ̀ tó o fi bà jẹ́.”

“Ilé ọlọ á lé mi.”

“Wọ́n á lé ọ. Odò ti lé wa, kànga ti lé wa, o ò rí i pé a ṣì ń mí? Lọ ṣe é, kó o tó wá dárúkọ ọmọ mi níwájú mi. Bí o ò bá lè ṣe é, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ nìyẹn, mú un lórí ìṣó.”

Ọkùnrin náà wo ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wo ọmọbìnrin náà. Ó yíjú padà, ó lọ, kò mú nǹkan kan.

Ṣé nítorí pé yóò padà wá ni kò ṣe mú un, àbí ìtìjú ló mú kó gbàgbé? Ìyẹn ni ọmọbìnrin náà ń rò tó fi jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà.

*

Ẹnu-Oyin kọ́kọ́ gun òkè lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ó rí ẹ̀rọ lẹ́nu ìsun. Ó rin ìrìn odindi ọ̀sán dé etí odò ńlá, kò rí páìpù kankan, àfi àwọn ẹyẹ. Ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé dé ilé padà.

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un o. Oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ tán, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú; kò pẹ́, ó tún ṣí i, ó ní, “Mo gbàgbé láti ṣépè fún ọ,” ó sì ṣé e. Arúgbó olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì mú un dúró bí ọmọ ilé-ìwé. “Tún un sọ. Nígbà tó o wá parọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lo sọ ọ́ fún mi.” Ó tún un sọ. Ilé kan wà tí wọ́n ti sin ọmọ wẹ́wẹ́ tí àìsàn omi ẹrẹ̀ pa. Níbẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ dópin, onílé náà kò sì ràn án lọ́wọ́.

Ilé ọlọ gbọ́. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta géètì. Onítáńkà ló gbà á sílé. Gbogbo ìròyìn yìí ń dé abẹ́ páànù, lẹ́nu onítáńkà kan náà.

“Ìyàwó wa, ó ti rù o. Ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ ti dúdú.”

“Mi ò bi yín.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbé áyọ́ọ̀nù dúró.”

Ọmọbìnrin náà fẹ́ sáré lọ bá a. Ìyá rẹ̀ ní, “Jẹ́ kó parí. Ẹni tó ń tú kókó okùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ ta, bí a bá bá a dá sí i, ó lè so ó padà.”

Ilé tiwọn ló fi ṣe ìkẹyìn. Ó kan ilẹ̀kùn bí àlejò. Ó dúró síwájú àga tó jókòó lé níjọ́ kìíní.

“Ẹ̀yin ti mọ ohun tí mo bá wá,” ó ní.

“A kò mọ̀,” ọmọbìnrin náà fèsì. “Sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ nílé àwọn yòókù.”

Ó sọ ọ́. Ó ní òun jókòó níbí, òun mu omi wọn, òun sì sọ fún wọn pé odò ńlá ni. Ó ní irọ́ ni. Ó ní òun kò wádìí, nítorí pé àìwádìí rọrùn fún òun. Kò fi oyin kan sí i.

Ìyá wò ó pẹ́. “Ẹnu yìí ò dùn mọ́.”

“Kò dùn mọ́, mà.”

“Ó dáa. Ẹnu tó bá dùn jù, eṣinṣin ní í pọ̀ níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ohun tó o fẹ́ béèrè, má wulẹ̀ béèrè rẹ̀. Ọjọ́ tí òkúta ìyá mi bá tún rí omi lọ́mọ mi máa lọ sílé rẹ.”

*

Òkúta kò lè rí omi bí ènìyàn bá jókòó sílé. Ìlú tó ti gbọ́ òótọ́ lójúlé-lójúlé, kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n lu agogo fún un. Wọ́n kó garawa òfìfo, bàsíà òfìfo, dúróòmù òfìfo, wọ́n tò wọ́n dí géètì ilé ọlọ, wọ́n sì jókòó lé wọn lórí. Ọkọ̀ akóòkúta kò lè wọlé, kò lè jáde. Ọ̀gá kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní kí wọ́n yan ẹnìkan kó wá bá òun sọ̀rọ̀ ní yàrá tó tutù.

Alágbàfọ̀ ni wọ́n yàn. Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Ó dìde, kò kúrò lójú kan.

“Ẹ̀yin lẹ máa sọ̀kalẹ̀! Ẹ ní ọ̀dá ni. Ọ̀dá wo ló ń wo ojú ẹni kó tó mú omi rẹ̀? Títì yín ń mu, ọlọ yín ń mu, òdòdó iwájú ọ́fíìsì yín ń mu, ọmọ wa ń lá ẹrẹ̀! A ò tọrọ omi lọ́wọ́ yín. Omi wa ni. Ẹ jù ú sílẹ̀!”

Garawa òfìfo ń dún. Ọlọ tí kò dákẹ́ rí dákẹ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tí òkúta tán nínú rẹ̀, kò sì tún dún títí wọ́n fi na páìpù gidi, páìpù tó ṣe é fọwọ́ kàn, dé odò ńlá, tí wọ́n sì fa wáyà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ìsun.

Ẹnikẹ́ni kò tọrọ àforíjì. Pátákó aláwọ̀ ewé kan ni wọ́n wá rì sí etí odò, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ̀BÙN OMI LÁTI ỌWỌ́ ILÉ-IṢẸ́ WA SÍ ARÁ ÀDÚGBÒ.

Oníbúrẹ́dì kà á, ó tutọ́. Àwọn kan fẹ́ hú u. Alágbàfọ̀ ní kí wọ́n fi sílẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, omi ti gun òkúta pẹlẹbẹ. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ìṣó, ó lọ síbẹ̀, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó fi ọṣẹ pa á, ó gbo ó, ó nà án mọ́ òkúta. Eruku pupa ń ṣàn jáde lára rẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, títí omi fi mọ́.

“Ó pẹ́ kó tó tán,” ọkùnrin náà wí.

“Èyí tó wà lára aṣọ nìyẹn. Tinú ń bọ̀ lọ́wọ́ mi.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ibo lo máa sá a sí? A ò mú okùn wá.”

Ọmọbìnrin náà fún ṣẹ́ẹ̀tì gbẹ, ó gbọ̀n ọ́n pà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rìn lọ síbi pátákó àwọn ọ̀gá. Ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì lé e lórí, ó fa apá ọ̀tún rẹ̀ bo Ẹ̀BÙN mọ́lẹ̀ dáadáa, ó tún un tẹ̀ kó má baà yọ. Omi ń kán láti etí aṣọ náà, ó ń padà sínú odò.

“O ò rí i,” ó ní, “wọ́n kúkú fún wa ní nǹkan.”